Ààlà Nínú Ìwé Owó: Bí Àdéhùn Bá Yí Padà Lẹ́yìn Tí A Ti Ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá ní àkókò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ oògùn tí a ń fín sí kòkó. Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi ojú sí i, ó lè jẹ owó àgbẹ̀ ju bí kòkòrò ti ń jẹ èso rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè náà nìyí. Ẹni méjì jọ ṣe àdéhùn iye kan lórí iṣẹ́ kan. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti kọjá ìdajì. A ti kọ ìwé owó fún apá kan, èyí tí àwọn ará Douala ń pè ní facture, a sì ti san díẹ̀ nínú rẹ̀. Lójijì iye yí padà, wọ́n sì ní kí ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tí ó ti kọjá. Báwo ni a ó ti ṣe ìṣirò? Ìwé tí a ti kọ ńkọ́? Owó tí a ti san ńkọ́? Ta ni yóò sì san ohun tí ó ṣẹ́kù?

Kò sí ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ́pọ̀ tó ìgbà tí owó ọjà bá ń fò sókè sódò. Ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà New York. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti wálẹ̀ tó ìdajì iye náà. Ní Ghana, àjọ COCOBOD ti ta kòkó púpọ̀ sílẹ̀ kí owó tó gòkè. Nígbà tí ìkórè ọdún 2023 sí 2024 kò dára, kò rí gbogbo ohun tí ó ti tà kó jáde ní àkókò, ó sì ní láti sún apá kan nínú àdéhùn náà sí ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọjà bá rí báyìí, àdéhùn tí ó tọ́ lójú ẹni méjì ní oṣù Kẹsàn-án lè wúwo lórí ọ̀kan nínú wọn ní oṣù Kejìlá. Ìgbà náà ni ẹni náà yóò wá, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí á tún un ṣe, kí a sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀."

Àwọn baba wa sọ pé oko kì í jẹ́ ti bàbá ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀ ohun tí ẹ ó kà yìí. Ìwé owó pẹ̀lú ní ààlà rẹ̀: ọjọ́ tí àdéhùn yí padà ni ààlà náà.

OHUN TÍ OJÚ DOUALA TI RÍ

Ìlú Douala mọ ìtumọ̀ kí a yí àdéhùn padà lẹ́yìn tí a ti fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1884, àwọn ọba Duala, tí Ndumbe Lobe Bell àti Dika Mpondo Akwa wà lára wọn, bá àwọn aṣojú ilé ìṣòwò Jámánì méjì ṣe àdéhùn, èyíinì ni ilé Woermann àti ilé Jantzen òun Thormählen. Wọ́n fi àṣẹ ìlú lé àwọn ará Jámánì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ohun gbogbo sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ tí àwọn ń ro àti ilẹ̀ tí ìlú àwọn wà lórí rẹ̀ yóò máa jẹ́ ti àwọn tí ó ni ín àti ti àwọn tí yóò jogún wọn. Wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé owó ọdọọdún tí àwọn oníṣòwò ń san fún àwọn ọba kò ní yẹ̀.

Láti ọdún 1910, ìjọba Jámánì bẹ̀rẹ̀ ètò láti kó àwọn Duala kúrò ní etí odò Wouri, kí àwọn òyìnbó lè máa gbé ibẹ̀. Ní oṣù Kíní 1913 wọ́n pàṣẹ gbígba ilẹ̀ náà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ènìyàn Bell kúrò ní ilé wọn lọ sí ibi tí a ń pè ní New Bell títí di òní. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí wọn, ìjọba tí ń gba ilẹ̀ náà ni ó dá iye rẹ̀. Rudolf Duala Manga Bell, ọmọ-ọmọ ọba tí ó fọwọ́ sí àdéhùn, tí ó ti kàwé ní Jámánì, kò gbé idà. Ìwé ni ó gbé. Ó fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin ní Berlin, ó sì rán akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, lọ síbẹ̀ láti wá agbẹjọ́rò. Ìjọba yọ ọ́ kúrò lórí oyè, ó mú un, ó sì so òun àti Ngoso Din kọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1914.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tí ń kọ ìwé owó. Kì í ṣe pé kò sí ìwé. Ìwé wà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ṣe kedere. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó yí àdéhùn padà, òun náà ni ó dá iye tí yóò san, òun náà ni ó sì jókòó bí adájọ́. Níbi tí ọ̀ràn bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò kò lè tọ́, bí ó ti wù kí akọ̀wé mọ̀ ọ́n ṣe tó. Síbẹ̀, ìwé náà kò ṣègbé. Nítorí pé àwọn ọba kọ ohun tí wọ́n fi pamọ́, tí ọmọ wọn sì kọ àtakò rẹ̀ ní àkókò, ẹnikẹ́ni kò lè sọ lónìí pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìlú Berlin yọ orúkọ Nachtigal, ẹni tí ó gbé àsíá Jámánì kalẹ̀ ní Douala ní 1884, kúrò lórí gbàgede kan, ó sì fi orúkọ Manga Bell sí i.

ỌDÚN 1989 ÀTI ỌDÚN 1994

Àwọn àgbà inú yín kò tí ì gbàgbé ọdún 1989. Nígbà náà, àjọ ONCPB, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Douala, ni ó ń bójútó títa irè oko. Ìjọba ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Nígbà tí owó kòkó wó lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé, àpò àjọ náà gbẹ, gbèsè tí ó jẹ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùrà sì pọ̀. Fún ìkórè 1989 sí 1990, wọ́n já iye kílò kòkó kan láti 420 CFA sí 250, wọ́n sì já ti kọfí robusta láti 440 sí 175. Ní 1991, wọ́n tú àjọ náà ká.

Ẹ fi ara yín sí ipò àgbẹ̀ tí ó ti gbé kòkó rẹ̀ sílẹ̀ kí iye tó yí padà, tí kò sì tí ì gba owó. Bí ọjọ́ tí ó gbé e sílẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kankan, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé 420 ni ó tọ́ sí òun, kì í ṣe 250? Lórí kílò 500, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 85,000 CFA. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìwé ni ó dúró láàárín òun àti àdánù bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kíní 1994. Láti ọdún 1960, 50 CFA ni ó ń ṣe owó Faransé kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kíní 1994, ní Dakar, wọ́n kéde pé láti ìgbà náà lọ, 100 CFA ni yóò máa ṣe é. Nínú ìwé àdéhùn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ gbèsè 1,000 owó Faransé lórí ẹ̀rọ tàbí oògùn kòkó, tí ì bá san 50,000 CFA ní àná, wá rí i pé 100,000 ni ó ń jẹ. Ẹni tí ó sì ti gbà láti ṣiṣẹ́ fún iye CFA kan, tí ohun èlò rẹ̀ ń ti òkè òkun wá, ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún lọ sí gbèsè. A rí i pé kò tó kí a kọ iye nìkan. A ní láti kọ irú owó tí ó jẹ́, kí a sì kọ ohun tí a ó ṣe bí owó náà bá yí padà.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní Douala àti ní gbogbo apá Kamẹrúùnù tí ń sọ èdè Faransé, ìwé òfin ará ìlú tí Faransé ṣe ní 1804 ṣì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ àdéhùn. Abala 1134 nínú rẹ̀ wí pé àdéhùn tí a ṣe ní ọ̀nà tí ó bófin mu dàbí òfin fún àwọn tí ó ṣe é, àti pé a kò lè tú u àfi bí àwọn méjèèjì bá jọ gbà tàbí bí òfin bá gbà á láyè. Abala 2 sì wí pé ohun tí ń bọ̀ ni òfin ń ṣe ìlànà fún. Kì í padà sẹ́yìn. Nínú méjèèjì a rí ohun tí a nílò. Ẹnìkan kò lè dá nìkan yí iye padà. Bí ẹni méjì bá sì fẹ́ kí ìyípadà padà sẹ́yìn, àwọn ni kí ó sọ ọ́ ní gbangba. A kì í fi ojú inú mọ̀ ọ́n.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí púpọ̀ nínú kòkó Kumba ti ń wá, òfin àbáláyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a jogún. Ìdájọ́ méjì ni ó yẹ kí a mọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1809, ilé ẹjọ́ kan ní London gbọ́ ẹjọ́ awakọ̀ ojú omi tí ọ̀gá ọkọ̀ ṣèlérí àfikún owó fún nítorí pé méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ sá lọ lójú ọ̀nà. Ilé ẹjọ́ ní kò tọ́ sí i, nítorí iṣẹ́ tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ní 1989 ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Káfíńtà kan gba iṣẹ́ ilé gbígbé 27 ní 20,000 pọ́n-ùn, iye náà sì kéré jù. Agbaṣẹ́ṣe tí ó gbé iṣẹ́ fún un rí i pé kò ní lè parí rẹ̀, ó sì ṣèlérí láti fi 575 pọ́n-ùn kún un lórí ilé kọ̀ọ̀kan tí ó bá parí. Lẹ́yìn náà, ó kọ̀ láti san án tán. Ilé ẹjọ́ dá káfíńtà láre, nítorí pé agbaṣẹ́ṣe náà rí èrè gidi nínú pé iṣẹ́ parí. Ẹ ṣàkíyèsí pé orí ilé tí ó parí lẹ́yìn ìlérí ni a gbé àfikún náà kà, kì í ṣe orí èyí tí ó ti parí kí ìlérí tó wà. Ààlà náà tún nìyẹn.

BÍ A TI Ń ṢE ÌṢIRÒ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí á gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀wò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé iṣẹ́ fún onílọ́rì pé kí ó kó 400 àpò kòkó lọ sí Douala, 1,500 CFA lórí àpò kan. Onílọ́rì ti kó 250. Ó ti kọ ìwé owó fún 200, èyí tí ó jẹ́ 300,000 CFA, ẹgbẹ́ sì ti san 180,000 nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù, owó epo gòkè, àwọn méjèèjì sì jọ gbà pé kí àpò kan di 1,800.

Bí ìyípadà náà kò bá padà sẹ́yìn, ìṣirò rọrùn. Àpò 250 tí ó ti kó wà ní òdì kejì ààlà: 375,000 CFA. Àpò 150 tí ó kù wà ní òdì ti ìsinsìnyí: 270,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 645,000. Kí onílọ́rì má ṣe da àpò 50 tí ó ti kó, ṣùgbọ́n tí kò tí ì kọ ìwé fún, mọ́ ti ìsinsìnyí. Ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́ ni a ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọ ìwé. Níbẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù lọ.

Bí wọ́n bá jọ gbà pé kí ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo 400 àpò ni yóò di 1,800, èyí tí ó jẹ́ 720,000 CFA. Ṣùgbọ́n a kò ní fa ìwé àkọ́kọ́ ya, a kò sì ní kọ òmíràn kí a fi ọjọ́ àtijọ́ sí i. Ìwé 300,000 yóò dúró bí ó ti wà. A ó kọ ìwé àfikún kan, ọjọ́ òní ni a ó sì fi sí i: àpò 200, 300 CFA lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 60,000. A ó dárúkọ nọ́ńbà ìwé àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àpò 50 tí a kò tí ì kọ, 90,000. Àti 150 tí ó kù bí ó bá ti kó o, 270,000. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 720,000 ni yóò jẹ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì yẹ ìwé wò yóò lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí iye bá wálẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá jọ gbà pé kí ó di 1,300 láti ìbẹ̀rẹ̀, onílọ́rì yóò kọ ìwé ìdínkù, tí àwọn akọ̀wé Douala ń pè ní avoir: àpò 200, 200 CFA lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40,000. Nínú 120,000 tí ẹgbẹ́ ṣì jẹ lórí ìwé àkọ́kọ́, yóò ku 80,000. Bí owó orí ọjà tí a ń pè ní TVA bá wà lórí iṣẹ́ náà, èyí tí ó jẹ́ 19.25 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìwé àfikún tàbí ìwé ìdínkù gbé ti rẹ̀ pẹ̀lú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan nínú wọn yóò san owó orí lórí owó tí kò wọlé.

TA NI YÓÒ SAN ÁN?

Ẹ wo 75,000 CFA tí ó wà láàárín 645,000 àti 720,000. Nínú ìwé, owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ti pín owó kòkó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí ìyípadà náà tó dé, apá ta ni a ó ti yọ ọ́? Àwọn tí kòkó wọn kọ́kọ́ lọ ti gba owó wọn lọ sílé. Àwọn tí kòkó wọn ṣì wà nínú àká ni ẹrù náà yóò wó lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sí níbi tí a ti fẹnu kò. Nítorí náà, kí alága àti akọ̀wé tó fọwọ́ sí ìyípadà tí ó padà sẹ́yìn, wọ́n ní láti pe ìpàdé, kí wọ́n sọ iye tí yóò ná ẹgbẹ́, kí wọ́n sì sọ àpò tí yóò ti jáde. A kò wí pé kí ẹ má ṣe ṣàánú onílọ́rì tí epo ń pa lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó sàn kí a fi díẹ̀ kún un kí kòkó lè dé èbúté ju kí ó jẹrà sórí àká lọ. Ohun tí a wí ni pé kí ẹni tí yóò san án mọ̀ kí a tó gbà á.

Bí ó bá sì jẹ́ ọdún tí a ti parí ìṣirò rẹ̀, tí ìpàdé gbogboogbò ti gbà á wọlé, ẹ má ṣe tún un ṣí. Ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sínú ìwé ọdún yìí, kí ẹ sì kọ àlàyé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí a bá ní kí á jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo.

ÌLÀNÀ MÁRÙN-ÚN FÚN AKỌ̀WÉ

1. Kí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìyípadà kankan kò ní múlẹ̀ àfi èyí tí a kọ sílẹ̀, tí ẹni méjèèjì sì fọwọ́ sí. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní avenant ní Douala.

2. Nínú ìwé ìyípadà náà, ẹ kọ ọjọ́ méjì: ọjọ́ tí a fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọjọ́ kejì bá ṣáájú ti àkọ́kọ́, ẹ kọ ìdí rẹ̀.

3. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ ka iṣẹ́ tí a ti ṣe, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí iye rẹ̀. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

4. Ẹ má ṣe fa ìwé ya, ẹ má sì ṣe fi ọjọ́ àtijọ́ sí ìwé titun. Àfikún àti ìdínkù ni kí ẹ máa fi tún un ṣe.

5. Bí ẹnìkejì bá dá nìkan yí iye padà, ẹ kọ ìwé àtakò sí i kíákíá, kí ẹ sì fi ẹ̀dà pamọ́. Ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ bí ó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò gbà. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tí ó sì ń gba owó titun lọ ní oṣooṣù, yóò ṣòro fún un láti sọ lẹ́yìn náà pé òun kò fara mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ará wa, a mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, pé akọ̀wé ẹgbẹ́ púpọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà láìgba owó, ní alẹ́, nígbà tí ó ti oko dé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tí ó gbé kòkó rẹ̀ sílẹ̀ ní 1989 láìní ọjọ́ lọ́wọ́. Ní ìgbà tí lọ́rì bá tún dé iwájú àká yín, kí ẹ tó gbé àpò àkọ́kọ́ lé e, ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ kọ ọjọ́, iye àpò àti iye owó, kí onílọ́rì fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà sì fọwọ́ sí i. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé.